Àkísà Pupa Àǹtí

Bí mo bá ti rí àkísà pupa báyìí, ọ̀gá mi àtijọ́ ní Yábàá ni mo máa ń rántí. Àǹtí là ń pè é. Kì í jókòó. Bí àga kan bá mì lẹ́ẹ̀mejì, á so àkísà pupa mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀ mọ́.

Á ní, “Ohun tó mì lẹ́ẹ̀mejì ń bọ̀ wá wó ni.”

Iṣẹ́ tó kọ́ wa náà nìyẹn: bí ibì kan nínú mẹ́mọ̀rì kọ̀ǹpútà bá ń ṣàṣìṣe, kí a ní kí kẹ́nẹ́ẹ̀lì, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, kó ẹrù ibẹ̀ lọ síbòmíì, kó sì ti ibẹ̀ pa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn kan ní Mùṣin ń kìlọ̀ ṣáá pé ibì kan nínú mẹ́mọ̀rì òun ń ṣàṣìṣe. Ariwo ẹ̀ sú mi, mo pa á lẹ́nu mọ́.

“Àǹtí, ó ti fúnra ẹ̀ tún àṣìṣe náà ṣe.”

“Ó ti tó ìgbà mélòó?”

Mi ò mọ̀. Bí mo ṣe ń lọ kà á, àṣìṣe tí ẹ̀rọ ò lè tún ṣe dé. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì pa ètò tó ń lo ibẹ̀, kí ẹ̀rọ má bàa kú pátá. Èsì àárọ̀ yẹn bá a lọ. Wọ́n tún ní láti gún àwọn aláìsàn lábẹ́rẹ́, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ míì.

Àǹtí ò bú mi. Ó kàn ń lọ, ó ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá àkísà pupa lára àga mi. Mo mì ín títí. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró digbí; kì í ṣe àga ló mì.

Láti ọjọ́ náà, èmi náà ò lè jókòó.