Opó Kò Ní Kúrò Níwájú Ìsọ̀ Mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: mi ò kábàámọ̀. Ìsọ̀ aṣọ àlòkù ni mo ní nílùú Pọ́bẹ̀. Mo ti gba òṣìṣẹ́, mo sì ti lé òṣìṣẹ́. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n lé tí mo fàáké kọ́rí pé mi ò ní lé.

Iṣẹ́ wa kò rọrùn bí àwọn èèyàn ṣe rò. Inú ẹrù dídì tí a kò rí inú rẹ̀ ni aṣọ ti ń wá. Bí a bá tú u, a ó ṣà á: ojúlówó á lọ sórí ìkọ́, èyí tó sàn díẹ̀ á wà lórí tábìlì, àkísà á lọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òṣìṣẹ́ mi àkọ́kọ́ kò lójú aṣọ rárá, àkísà ló máa ń gbé kọ́. Èkejì lójú aṣọ ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo ẹ̀wù tó dára, ọrùn tirẹ̀ ló ń bọ́ sí.

Ìgbà náà ni Àbẹ̀kẹ́ dé láti Yoko. Aṣọ dúdú ló wọ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá orí rẹ̀, ikú ọkọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Mo gbé ṣòkòtò kan lé e lọ́wọ́. Ó fọwọ́ ra orúnkún ṣòkòtò náà, ó ní, "Èyí á ya láìpẹ́, patróònù. Ẹ má kọ́ ọ." Patróònù ni wọ́n ń fi Faransé pe ọ̀gá obìnrin níbí. Mo gbà á síṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Àṣìṣe tèmi nìyí: mo fi í pamọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn níbí gbà pé aṣọ òkú òyìnbó ni aṣọ àlòkù. Ẹ̀rù bà mí pé bí wọ́n bá tún rí opó tó wà nínú ọ̀fọ̀ nídìí rẹ̀, wọn ò ní wọlé mọ́. Mo ní kó máa ṣa aṣọ ní yàrá ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó dìde.

"Patróònù, wọ́n ti fi mí pamọ́ tó nílé ọkọ mi. Bí ẹ bá ń tijú mi, ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

Ojú tì mí gan-an. Mo fà á lọ́wọ́ jáde, mo ní kó dúró níwájú ìsọ̀.

Àwọn kan dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n pẹ̀yìn dà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Onígbólò, tí eruku òkúta bò, ṣòkòtò tí kò ní tètè ya ni wọ́n ń wá, ọ̀rọ̀ opó kò kàn wọ́n. Àbẹ̀kẹ́ á wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, á mú èyí tó bá wọn mu.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Fẹlíìsì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, wá bá mi. Iwájú ilé bàbá wọn ni ìsọ̀ mi wà.

"Ìyàwó, opó kèé dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Lé e, tàbí kí o kó ẹrù ẹ."

Mo kúnlẹ̀ dá wọn lóhùn, torí mo mọ ohun tó yẹ ìyàwó ilé. "Ẹ ṣeun, ìyá mi. Mo ti ń kó ẹrù."

Ọkọ mi ní kí n ní sùúrù. Mo dá a lóhùn pé sùúrù tí mo ní náà ni kò jẹ́ kí n bú ẹnikẹ́ni.

Èmi àti Àbẹ̀kẹ́ pa àtíbàbà sí ojú ọ̀nà Ṣakẹ́tẹ́. Òjò pa aṣọ wa lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sì sunkún, mi ò ní parọ́. Àbẹ̀kẹ́ ń fún omi kúrò lára ẹ̀wù, ó ń bẹ̀ mí pé kí n lé òun kí ara lè tù mí. Mo ní kó yé sọ̀rọ̀, kó sá aṣọ. Àwọn ará Onígbólò wá wa kàn níbẹ̀, wọ́n sì mú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá.

Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ wa báyìí. Àbẹ̀kẹ́ ti bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, òun sì ni olórí wọn. Láìpẹ́ yìí, Ìyá Fẹlíìsì mú ìyàwó ọmọ wọn wá, wọ́n ní kí n bá wọn fún un níṣẹ́.

"Ìyá mi, Àbẹ̀kẹ́ ló ń gba òṣìṣẹ́."

Àbẹ̀kẹ́ kí wọn dáadáa, ó fún wọn ní àga. Ó wá bi ìyàwó náà pé, "Ṣé o lè bá opó ṣiṣẹ́?"

"Mo lè bá a ṣe é, ẹ̀gbọ́n."

Ó yíjú sí Ìyá Fẹlíìsì. "Ẹ̀yin ńkọ́, ìyá? Ṣé ẹ gbà kó bá mi ṣiṣẹ́?"

Wọ́n wolẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ kò yẹ ojú kúrò lára wọn. Wọ́n ní àwọn gbà.