Àwa Alùwáyà Tí Wọ́n Tú Ká

Èmi kì í ṣe sójà tẹ́lẹ̀. Akọ̀wé ni mo jẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, wáyà lílù sì ni iṣẹ́ mi. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, wọ́n kó irú wa jọ láti máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ fún àwọn ológun. A ó tẹ ẹ̀rọ kékeré kan, ìró kúkúrú, ìró gígùn, ẹni tó wà lọ́hùn-ún á sì máa tú u sí ọ̀rọ̀.

Bí ohùn ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra ni ọwọ́ alùwáyà ṣe yàtọ̀. Ẹnì kan nínú àwa alùwáyà wà ní òdìkejì odò tí n kò fojú rí rí. Ọwọ́ rẹ̀ yá, àmọ́ tó bá ku lẹ́tà kan kó parí, á sinmi díẹ̀, bí ẹni tó ń gun òkè Olósùnta. Wọn kò jẹ́ ká mọ orúkọ ara wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, iṣẹ́ tó ń rán sí mi já láàárín. Mo pè é títí ilẹ̀ fi ṣú, kò dáhùn. Wọ́n ní bọ́ǹbù ti bọ́ síbẹ̀. Mo ṣọ̀fọ̀ ẹni tí n kò mọ ojú rẹ̀.

Ogun parí, wọ́n sì tú ẹ̀ka wa ká. Ọ̀gá kan kó wa jọ sábẹ́ igi kajú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó gba báàjì wa, ó ní ká wọ lọ́rì. Kò tilẹ̀ sí fọ́tò. Mo padà sí Ìsẹ̀, mo di olùkọ́, n kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ogun nínú ilé.

Ìgbà tí Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìpínlẹ̀, kò sẹ́ni tí kò ní nǹkan ṣe l'Ádó. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Ìsẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà. Bàbá kan tó ń dúró de mọ́tò wà ní ìkángun bẹ́ǹṣì náà. Ó ń wo títì, ó sì ń fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ gbá pákó. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, etí mi ti ń tú u: "Mọ́tò yìí kò tíì dé." Kó tó gbá lẹ́tà tó kẹ́yìn, ó sinmi.

Mo mú kọ́kọ́rọ́ ilé mi jáde, mo sì gbá a sórí bẹ́ǹṣì: "Parí iṣẹ́ tí o bẹ̀rẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó yí ọrùn padà díẹ̀díẹ̀, ó wò mí.

"Ùwọ ni?"

"Èmi ni."

Àwa àgbàlagbà méjì dì mọ́ra wa lójú títì, a ń sunkún, a ń rẹ́rìn-ín. Ará Ògòtún ni, àgbẹ̀ kòkó. Ó ní apá ni bọ́ǹbù ọjọ́ náà bà, pé ọsibítù ni wọ́n ti dá òun sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ogun, àti pé wọ́n sọ fún òun pé èmi ni mo kú.

Láti ọjọ́ náà a kò jókòó mọ́. À ń béèrè kiri. A rí ọ̀kan wa ní Emùré, olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. A rí òmíràn ní Ìlasà, ladánì ni. Nígbà tí ọjọ́ ìrántí àwọn jagunjagun sún mọ́lé, gbogbo wa lọ s'Ádó pé a fẹ́ yan pẹ̀lú wọn. Ọ̀dọ́mọdé ọ̀gá sójà tó ń ṣètò bọ̀wọ̀ fún wa, ó fún wa níjòókòó, ó wá ṣàlàyé pé kò sí ààyè fún ẹ̀ka tí wọ́n ti tú ká.

Ará Ògòtún ló dá a lóhùn. "Ẹ̀ka ni wọ́n tú ká, ọ̀gá. Wọn ò tú àwa ká."

Ọ̀gá náà ṣí ìwé ètò rẹ̀, ó kọ wá sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà ló ní ká máa bọ̀, àwa la ó kẹ́yìn gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi títí ó fi le gán-ín. Nígbà tí a wọ pápá, àwọn èrò ti ń dìde lọ. Ẹsẹ̀ wa kò kọ́kọ́ bára mu, àfìgbà tí olórí akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìṣísẹ̀ fún wa. Àwọn tó ń lọ dúró, wọ́n yíjú padà. Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì gba gbogbo pápá kan. Gómìnà ológun dìde, ó kí wa bí sójà ti ń kí sójà. Mo gbọ́ tí ọmọbìnrin mi àgbà ń sọ fún àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ pé, "Bàbá mi nìyẹn." Mo gbé àyà sókè, mo sì ń lọ.

A yà ní Ìkẹ́rẹ́ jẹ iyán nígbà tí à ń padà bọ̀. Ariwo ẹ̀rín wa pọ̀ débi pé obìnrin tó ń bu ọbẹ̀ fún wa béèrè pé ta ló ń gbéyàwó nínú wa.