Etí Tó Hù Padà ní Ayọ̀bọ̀

Ìtàn tèmi kò dá lórí ìjàpá, kò sì dá lórí ọ̀yà. Orí Màmá Sìdíkátù ló dá lé, ìyá arúgbó tó ń hun fìlà ní Ayọ̀bọ̀, ẹni tí àlọ́ kún inú rẹ̀ bí omi ṣe ń kún àmù, ṣùgbọ́n tí kò rí ẹni bù ú mu.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí i sí, bí òṣùpá bá ti yọ, ìyá ìyá rẹ̀ á tẹ́ ẹní sójúde, á máa pàlọ́, àwọn ọmọdé á sì máa gbe orin rẹ̀. Sìdíkátù kò lọ sílé ìwé. Ilé kéwú nìkan ló lọ, kò sì pé ọdún kan tí wọ́n fi yọ ọ́ kó lọ máa gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀n. Ohun tó kù lọ́kàn rẹ̀ níbẹ̀ kò ju bí a ṣe ń gbé wàláà, pátákó ìkéwú, lé itan lọ.

Hamdalah, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló ń bá a gbé. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ń kọ́ aṣọ rírán ní àdúgbò Command. Bí Màmá bá fi lè ní "Àlọ́ o," ọmọ á ti ki okùn orin fóònù rẹ̀ bọ etí. Ó ń dun Màmá wọra. Ẹni tó pàlọ́ tí kò rí ẹni dá a lóhùn, kí ló yà á sọ́tọ̀ lára ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀?

Ọjọ́ Sátidé kan ni Hamdalah ra ìwé àlòkù kan bọ̀ láti Egbeda. Ìwé ìtàn alàwòrán ilẹ̀ Jàpáàn tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ni, èèpo iwájú àti ti ẹ̀yìn ti ya dànù. Àwọn ajalèlókun ló kún inú rẹ̀: ọkọ̀, idà, ìjì.

"Hamdalah, kí ni wọ́n ń bára wọn jà sí? Kà á sétí mi, jàre."

Ọmọ ṣí i láti apá òsì bí ìwé gbogbo, ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ó ń túmọ̀. Ìtàn ò gún. Ọkọ̀ tó ti rì tún yọrí láti ìsàlẹ̀ òkun. Ọ̀gá wọn tí etí rẹ̀ kan ti gé, tí Màmá ti sọ ní Elétíkan, ṣàdédé ní etí méjì.

"Etí hù padà?" Màmá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Kò yé èmi náà ṣá. Mo máa dá a padà fún Henry tó tà á."

"Dúró ná! Ìjàpá pàápàá, ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ kí wọ́n tó tò ó pọ̀. Ta ló ń to ẹ̀yìn ahun kó tó fọ́?"

Láti ọdún mélòó kan, òní lọmọ yìí kọ́kọ́ yọ okùn létí nítorí ìtàn. Bí ìwé yìí bá padà sí Egbeda, ó parí nìyẹn. Màmá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo etí Elétíkan lójú ewé kan, ó wò ó ní ìkejì, ó mi orí. Ló bá gbé ìwé lé itan bíi wàláà, ó ṣí i láti apá ọ̀tún.

"Bíi Kùránì ni!" ló pariwo. "Ìdí ìtàn lo ti ń kà á bọ̀ wá sí orí, ìwọ ọmọ yìí!"

"Màmá, irọ́ o!" Hamdalah já a gbà. Ó ka ojú ewé kan láti ọ̀tún, ó ka èkejì, ó fò sókè. "Ha! Wọ́n jà kí wọ́n tó gé e létí! Ẹ wo ẹni tó dalẹ̀ rẹ̀!"

"Mo rí i! Èmi tí ò mọ A! Ká ní Àáfà wa wà láyé, á mọ̀ pé ẹgba òun ò ṣòfò."

Wọ́n kà á tán kó tó di ìrun Àsárì. Elétíkan ń wá erékùṣù tí kì í dúró sójú kan. Bí ọkọ̀ bá ti sún mọ́ ọn, á tún ṣí lọ. Màmá ń pàtẹ́wọ́, ó ń bú ọ̀dàlẹ̀. Fìlà tó ń hun ti gùn di àpò.

"Ṣé ó tán nìyẹn?"

"Henry ní ìwé kìíní nìyí o. Wọ́n lé ní ọgọ́rin. Wọn ò tí ì bí mi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì tí ì parí ẹ̀."

"Ọgọ́rin! Alihamudulilai!"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Màmá fúnra rẹ̀ ló wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá Henry. Henry rò pé ìjà ló bá wá, ó ti ń dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé ó máa mú ọmọ yín ya ọ̀lẹ..."

"Ta ló bi ọ́? Ìwé kejì dà?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kà á dé ìwé keje, níbi tí Elétíkan ti rọ̀ sórí ẹnu ẹja ńlá. Henry ní ìkẹjọ ò sí, ó di oṣù méjì. Hamdalah délé, ojú rẹ̀ ti fà ro. Ó jókòó, ó fa okùn orin yọ nínú báàgì, ó ń gbé e lọ sétí.

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. A kì í sì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ìyá ìyá Màmá ti kìlọ̀ fún un dáadáa. Màmá wo ọmọ, ó wo okùn.

"Ẹ foríjì mí, ìyá mi," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ló bá gbóhùn sókè: "Àlọ́ o!"

Okùn dúró lọ́wọ́ Hamdalah. "Màmá, ọ̀sán ni o."

"Elétíkan á ti bọ́ sẹ́nu ẹja kí òṣùpá tó yọ. Mo ní, àlọ́ o!"

Ọmọ ju okùn sórí bẹ́ẹ̀dì. "Àlọ̀ọ̀!"

"Bó ṣe rọ̀ síbẹ̀ yẹn, ó rí ẹnì kan tó ń tukọ̀ bọ̀. Orí rẹ̀ pá. Ẹ̀yìn rẹ̀ le bí òkúta."

"Irọ́ ni, Màmá! Ìjàpá?"

"Sún mọ́ mi níbí."