Ẹnu Tó Kógbá Màmá Wọlé

Màmá ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú agbọ̀n obì títí dé ìgúnpá, wọ́n di ojú, wọ́n sì ní kí n má tíì mí. Mo fi ọwọ́ di imú. Obì ń yí lu ara wọn nísàlẹ̀ agbọ̀n, ewé tútù tí a fi tẹ́ inú rẹ̀ ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọwọ́ Màmá sì ń rìn láàárín wọn láìkánjú. Nígbà tí ọwọ́ náà jáde, obì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ó pọ́n, ó ń dán, kò ní àpá kankan lára. "Kòkòrò ti wọ eléyìí," ni wọ́n wí. Wọ́n fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Lóòótọ́, kòkòrò kékeré kan ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ihò rẹ̀ bí ẹni tí ojú ń tì.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Mo wo obì, mo wo ọwọ́ Màmá, mo wá gbà pé kò sí ohun tí ènìyàn lè fi pamọ́ fún wọn. Lójú ẹsẹ̀ ni mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo jẹ ẹran tí wọ́n ń wá nínú ọbẹ̀ ilé wa, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bi mí.

Màmá kì í ṣe ìyá mi, wọn kì í sì í ṣe ìyá ìyá mi. Aládùúgbò wa ni wọ́n ní Sábó, ní Ṣàgámù. Ṣọ́ọ̀bù obì wọn kọjú sí ilé wa, ilé wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Abúlé kan lọ́nà Simawa ni a bí wọn sí. Wọ́n fẹ́ oníṣòwò obì, wọ́n gba ẹ̀sìn ọkọ, wọ́n sì ń kí ìrun márààrún, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba èdè Rẹ́mọ lẹ́nu àwọn. "Ulé" ni wọ́n ń pe ilé, "ugbá" ni igbá, "dede" ni gbogbo. Àwa ọmọ Sábó tí a ń fi gẹ̀ẹ́sì lú Yorùbá bí ẹni lú ọtí, a máa ń sín wọn jẹ. Wọ́n á ní kí a tún un sọ, nítorí a ò sọ ọ́ dáadáa.

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn ewé tútù tí omi wà lára rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo máa ń bá ara mi. Láàárọ̀, Màmá á da obì tí wọ́n ti rẹ sínú omi jáde, wọ́n á bó èèpo funfun kúrò lára rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a kí omi ro dànù, wọ́n á wá tò ó sínú agbọ̀n tí a fi ewé tẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á tún tú gbogbo rẹ̀, wọ́n á ṣa ti kòkòrò sọ́tọ̀, wọ́n á pààrọ̀ ewé. "Obì ń mí," ni wọ́n máa ń sọ. "Bí o bá dé e pa, á rà. Bí o bá ṣí i sílẹ̀, á gbẹ." Mo máa ń gbé etí lé agbọ̀n láti gbọ́ bó ṣe ń mí. N ò gbọ́ nǹkan kan rí, ṣùgbọ́n n ò jẹ́ kí Màmá mọ̀.

Ọdún yẹn náà ni àwọn ṣọ́ọ̀bù ojú pópó wa bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Ẹni tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ló ṣáájú. N ò mọ̀ pé orin rẹ̀ ló ń jí mi lójoojúmọ́, àfi lọ́jọ́ tí mo sùn kọjá àkókò ilé ìwé. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kan onífọ́tò. Ó lọ, ó fi àwòrán àwọn ènìyàn sílẹ̀ lójú gíláàsì, oòrùn sì ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀ títí ìyàwó tuntun kan níbẹ̀ kò fi ní ojú àti imú mọ́. Nígbà tó yá, ó dé orí àwọn olóbì gan-an. Àwọn oníbàárà òkè Ọya tó ń fi tírélà kó obì kò wá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn kan ní ọ̀nà ló bàjẹ́, àwọn kan ní ibòmíràn ni wọ́n ti ń rà á. N ò mọ èwo lòótọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilẹ̀kùn onírin tó bá ti tì kì í ṣí mọ́, àti pé gbólóhùn kan náà ni àwọn àgbàlagbà ń sọ nípa gbogbo wọn: "Ó ti kógbá wọlé."

Ẹ wò ó, ọmọdé ni mí. Ohun tí mo rí lọ́kàn mi ni igbá tó kún, tí ènìyàn gbé lérí tayọ̀tayọ̀ lọ sílé. Ta ni yóò ṣàánú ẹni tó kó igbá wọlé? Ṣebí "ajé á wọgbá" ni àwọn àgbà fi ń kí ọlọ́jà? Igbá wà níbẹ̀, wíwọ̀ wà níbẹ̀. Mo pa méjèèjì pọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ìyá mi rán mi ní ẹ̀kọ. Ẹ kú ọjà lásán ni mo ti ń kí wọn tẹ́lẹ̀, ìkíni ọmọdé. Lọ́jọ́ yẹn mo fẹ́ kí bí àgbà. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àtẹ síta ni, wọn kò tíì ta ẹyọ kan. Mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo gbé ohùn sókè kí àdúgbò lè gbọ́ ọmọ tí a kọ́:

"Màmá, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ ó kógbá wọlé o!"

Maṣíìnì aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì dákẹ́ lójijì. Ẹ má bínú o, n ò lè pe aránṣọ yìí ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí. Ó fò dìde, ó yí ọwọ́ ká orí, ó ta ìka. "Yéè! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọmọ yìí, lówùúrọ̀ kùtùkùtù? Ta ló rán ẹ?"

N ò mọ ohun tí mo ṣe. Màmá gbé obì tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo obì kí wọ́n tó là á.

"Kí lo fẹ́ wí, ọmọ mi?"

"Kí... kí ọjà yín tà. Kí ẹ sì kó o lọ sílé."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Àṣẹ," ni wọ́n wí. "A á kó ugbá wọ ulé, ajé á bá ugbá wọ ulé. Dede rẹ̀. Ó yá, lọ ra ẹ̀kọ rẹ kó tó tán."

Kí n tó gbé ẹ̀kọ délé, ìròyìn ti ṣáájú mi. Ìyá mi gbá mi lẹ́nu, wọ́n wá jókòó ṣàlàyé fún mi pé ẹni tó kógbá wọlé, ọjà rẹ̀ ti dàrú ni, ó ti palẹ̀ mọ́. "Ẹyin lohùn," ni wọ́n ń tún sọ. "Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Ìgbájú náà kò dùn mí tó àlàyé yẹn.

Nígbà tí oṣù náà fi máa parí, tírélà tó yẹ kó wá kó obì Màmá kò dé. Màmá tú agbọ̀n, wọ́n pààrọ̀ ewé, wọ́n tún dì í. Tírélà ò dé. Wọ́n tún tú u. Láràárọ̀ wọ́n máa ń jáde dúró ní etí títì díẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ ṣíji bojú, wọ́n á wo ọ̀nà, wọ́n á padà wọlé. Aránṣọ ní tirẹ̀, bó bá ti rí mi lókèèrè, á kígbe pé, "Jọ̀ọ́, èmi, má kí mi o!" Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo gbọ́ ilẹ̀kùn onírin tí mo ti ń bẹ̀rù. Mo lọ sójú fèrèsé. Màmá ti gbá ṣọ́ọ̀bù mọ́ tónítóní, wọ́n sì ń gbé agbọ̀n kọjá títì lọ sílé wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á ní ó tó. Ọrùn wọn dúró ṣinṣin, wọn kò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ń kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé, agbọ̀n lórí. Mo ṣubú sórí ẹní, mo sunkún títí, nítorí mo mọ ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù náà. Èmi ni.

Mo bá pa ẹnu dé. N kì í ṣe ọmọ tó ń dákẹ́, ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Sábó. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bí ẹnu kan bá lè ti ṣọ́ọ̀bù tó ti wà kí wọ́n tó bí mi, kí ni kò lè ṣe fún ìyá mi? N ò sọ̀rọ̀ nílé, n ò sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ìyá mi rò pé ọ̀fun ló ń dùn mí, wọ́n po omi gbígbóná pẹ̀lú iyọ̀ fún mi. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Mo ń wò wọ́n, mo ń sunkún, n ò sì dáhùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Màmá wọlé wá. "Ẹ yá mi lọ́mọ yín," ni wọ́n sọ fún ìyá mi. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. Wọ́n ti to agbọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ti gbé àtẹ kalẹ̀. Obìnrin mẹ́ta tó wá láti Òde Rẹ́mọ láti ra obì lọ tà ti dúró níbẹ̀, ìyá mi tẹ̀lé wa, aránṣọ náà sì ti wá wòran. Màmá fi mí sí iwájú àtẹ.

"Ẹni tó máa kí ọjà mi rèé," ni wọ́n wí. "Bí kò bá tíì kí i, n ò ní í tà."

Aránṣọ ní, "Màmá, ṣé kò sí ẹnu mìíràn ní Ṣàgámù ni?"

Màmá jókòó sórí àpótí, wọ́n fa igbá omi mọ́ra, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó èèpo obì. Mo fún ẹnu mi pọ̀. Dẹ́rẹ́bà takisí tó gbé àwọn oníbàárà wá ń fun fèrè níta.

"Màmá, mọ́tò ń dúró dè wá o," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

"Kó dúró."

Oòrùn kúrò lára agbọ̀n àkọ́kọ́, ó bọ́ sórí èkejì. Èèpo funfun ń bọ́ sínú omi, pọ́tọ́, pọ́tọ́. Dẹ́rẹ́bà wọlé wá láti bínú, ó rí ojú Màmá, ó sì lọ fara ti ògiri. Mo ti rí Màmá tí wọ́n ń fi ọwọ́ wá kòkòrò nínú òkùnkùn agbọ̀n, ṣùgbọ́n n ò rí irú sùúrù yìí rí. Ọjà kan ṣoṣo tó kù fún wọn láyé wà nílẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó fẹ́ rà á sì ń múra àtilọ, àmọ́ èmi ni wọ́n ń dúró dè. Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

"Ẹ... ẹ kú ọjà, Màmá."

Màmá fi ìró wọn nu ọwọ́, wọ́n dìde. "Mo gbọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì ṣí ewé kúrò lórí agbọ̀n. Àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rà, wọ́n sì tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì.

N ò ní í purọ́ fún yín. Tírélà kò tún dúró lẹ́nu ọ̀nà Màmá mọ́, ṣọ́ọ̀bù yẹn sì di ti ẹni tó ń ta fóònù. Ṣùgbọ́n wọ́n ta obì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà títí mo fi jáde ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ọdún tí mo jáde ni mo lọ kí wọn, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ọwọ́ wọn ṣì mọ kòkòrò. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn wá sí mi lẹ́nu. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ní, "Màmá, ẹ̀yin ò kúkú gbà pé ẹnu mi ló ti ṣọ́ọ̀bù yín, àbí?"

Mo rò pé wọ́n máa bá mi rẹ́rìn-ín ni. Wọ́n gbé obì tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀.

"Mo gbà bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Àyà mi já lọ́jọ́ náà. Mo ṣì gbà á títí di òní."

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. "Kí ló wá dé tí ẹ fi pè mí láti wá kí ọjà tuntun?"

Wọ́n yíjú sí mi bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Ta ni ǹ bá tún pè? Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ ládùúgbò tí ẹnu rẹ̀ ń ṣẹ."

Olùkọ́ ni mí báyìí, àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sì pọ̀ níwájú mi. Wọ́n máa ń mú inú bí mi, mo sì máa ń fẹ́ sọ fún òmíràn nínú wọn pé kò ní í wúlò. Ọ̀rọ̀ náà á dé ètè mi, màá wá rántí ẹni tó gbà pé ẹnu mi ba ọjà òun jẹ́, tó sì jókòó ti ọjà kan ṣoṣo tó kù, tó ń dúró kí ẹnu náà tún là. Màá gbé ọ̀rọ̀ náà mì, màá sì wá òmíràn tí mo fẹ́ kó ṣẹ.