Ọ̀dà Iwájú Ilé

Bí Mọ́ṣádé bá kó dé yàrá tuntun, kó tó tú ẹrù rárá, ògiri ló máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láti ìgbà tó ti ń ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí ilé tó gbé tó fi sílẹ̀ bó ṣe bá a. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ló fi ń bo ògiri tó bá ti lanu, ògì gbígbóná ló fi ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, yóò sì dán bí ẹni pé olówó ló ń gbébẹ̀. Àwọn onílé fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọn ò fẹ́. Ẹnu náà mú bí abẹ lóòótọ́, òun gan-an ò sì jiyàn.

Ní ọdún 1986, ilé Màmá Theophilus ní Pórógún ló ń gbé. Màmá ti darúgbó, ẹsẹ̀ wọn ò ran ilẹ̀ mọ́, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń sùn. Páànù tó wà lókè ibùsùn wọn ti dípẹtà, ó ti lu. Bí òjò bá ti ṣú, Mọ́ṣádé á sáré wọlé, á fa bẹ́ẹ̀dì síhìn-ín, á gbé garawa sọ́hùn-ún, Màmá á sì máa gbọ̀n. Ọmọ wọn ń wa ayọ́kẹ́lẹ́ l'Ékòó o! Mọ́ṣádé ránṣẹ́ sí i títí. "Màá bójú tó o" ni èsì tó ń gbà. Ì bá ti gun òkè náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní àkàbà.

Nígbà tí Theophilus wá dé ní Sátidé kan, tòun ti àwọn akunlé àti àkàbà, inú Mọ́ṣádé dùn débi pé ó gbé omi tútù fún wọn. Àfi bó ṣe rí i pé iwájú ilé ni wọ́n ń kùn, ibi tó kọjú sí títì. Kò sẹ́ni tó wo òkè.

"Bùọ̀dá, páànù yàrá Màmá ńkọ́?"

"Ìyẹn ṣì lè dúró. Tó bá di ọjọ́ náà, èrò á pọ̀. Wọn ò gbọdọ̀ bá ilé wa báyìí."

"Ọjọ́ wo?"

Theophilus wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ta ni kò mọ ọjọ́ náà ní Ìjẹ̀bú? Bí ilé àtijọ́ bá ṣàdédé ń dán, òkú ni wọ́n fẹ́ sin níbẹ̀. Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ṣùgbọ́n ti eléyìí tún ju ìwọ̀sí lọ: kò tiẹ̀ dúró kí ìyá rẹ̀ kú ná! Ìyá tó jẹ mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó sì ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù.

Mọ́ṣádé gba àkàbà mọ́ akunlé kan lọ́wọ́, ó wọ́ ọ lọ sẹ́yìnkùlé, ó yọ́ kọ́ltà tí wọ́n fi ń dí páànù nínú agolo lórí iná, ó wá ògbólógbòó àpò kan, ó gun òkè lọ.

"Sọ̀kalẹ̀!" Theophilus pariwo. "Ayálégbé lásánlàsàn! Tóṣù bá parí, kó ẹrù ẹ jáde!"

"Màá kó o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dí i ná. Ojú ò tì yín!"

Ariwo wọn wọ yàrá. Ohùn Màmá jáde láti ìsàlẹ̀, ó tinrín, ṣùgbọ́n ó já gaara.

"Theophilus, òórùn ọ̀dà ni mò ń gbọ́ yìí. Yèsí ló kú?"

Àwọn akunlé dáwọ́ dúró.

"Ẹ dá wọn lóhùn, Bùọ̀dá," ni Mọ́ṣádé wí látòkè. "Ta ló kú?"

"Màmá, a kàn ń... a kàn ń tún ilé ṣe ni."

Ni Màmá bá tún bi í léèrè.

"Àbí èmi ni?"

Mọ́ṣádé ki àpò bọ inú kọ́ltà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò náà, omijé ìbínú ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ.