Mẹ́tàlélógún Nínú Ọgọ́ta

Bí ẹ bá gbé tẹlifíṣọ̀n yín lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Láyí ní Ọjà Àlàbá, ẹ gbé oúnjẹ dání. Èmi àbúrò wọn ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn kọ́sítọ́mà wọn, wọ́n á ní kí n panu mọ́, àmọ́ irọ́ kọ́ ni mo pa. Iṣẹ́ tí Kazeem, tí wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan náà, máa ń parí láàárín wákàtí kan, Bọ̀dá Láyí lè fi odidi ọ̀sán sí i. Wọ́n á tú u, wọ́n á fi mítà yẹ iná rẹ̀ wò, wọ́n á tún un yẹ̀ wò, wọ́n á sì tún padà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ibì kan kò bá tíì dá wọn lójú, wọn kì í fọwọ́ kan ibòmíràn. Ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́, ọkùnrin Ìgbò kan tó ti padà sílùú rẹ̀, ló fi àbàrá kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ohun kan ṣá ni pé tẹlifíṣọ̀n tó bá kúrò lọ́wọ́ wọn kì í padà wá. Ti Kazeem máa ń padà, àwọn tó ni ín a sì máa bá a wá pẹ̀lú ìbínú.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí wa sí. Láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà, Bọ̀dá Láyí ló ń ṣe ipò kìíní, lẹ́yìn náà ni bàbá wa ní kí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́. Àwọn fúnra wọn kò sọ ọ́ rí, ẹnu ìyá wa ni mo ti gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ẹnu kò fi yà mí nígbà tí Olúwadára, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ka àkọlé ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé àkàrà, lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tí Bọ̀dá Láyí sì tẹ́ bébà olóróró náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé ìwé ilẹ̀ ni.

Dára ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí. Bó bá ti jáde nílé-ìwé ní Iba, inú ṣọ́ọ̀bù ló ń lọ. Á jókòó sórí àpótí, á máa ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀, bàbá rẹ̀ á sì máa bi í léèrè láìgbé ojú kúrò lára iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Dádì."

"Tún un wò."

Èmi a ní, "Dára, lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, bí pásítọ̀ bá bi ọ́ bóyá o gbà láti fẹ́ ẹ, o máa ní kí gbogbo ìjọ jókòó ná, kí o tún ọkọ wò lẹ́ẹ̀mẹta." Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà á tún iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Olùkọ́ rẹ̀, Tíṣà Elizabeth, ló mú fọ́ọ̀mù ìdánwò náà wá. Ilé-ìwé àkànṣe kan ni, fún àwọn ọmọ ọlọ́pọlọ pípé. Ọmọ tó bá yege, ọ̀fẹ́ ni oúnjẹ, ibùsùn àti ìwé fún ọdún mẹ́fà. Àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń wá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì ń ṣe é, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá. Tíṣà Elizabeth kò gba kọ́bọ̀, ó sì ń dúró ti Dára lẹ́yìn ìgbà tí àwọn yòókù bá ti lọ sílé, ó ń kọ́ ọ ní lẹ́sìn. Bọ̀dá Láyí ti ròyìn ìdánwò náà fún gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wọn kó tó di pé ọmọ ṣe é. Lọ́jọ́ tó ṣe é, wọ́n ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa. Kazeem ní òun kò rí irú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí Bọ̀dá Láyí ti gbéyàwó.

Nọ́ńbà fóònù mi la fi sí fọ́ọ̀mù náà, torí náà èmi ni èsì dé bá. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù.

"Bọ̀dá mi, rìsọ́ọ̀tì Dára ti dé. Méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún ni."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ráyọ̀, lọ wá ẹlòmíràn tàn."

"Mi ò ṣeré o."

"Ìwọ? Ìwọ tí o pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé lánlọ́ọ̀dù ti ta ilé mọ́ wa lórí, tí mo sáré dé Iba tí mo bá ọ tó o ń jẹ ẹ̀pà?"

Kazeem náà bá wọn dá sí i. "Ọmọ yìí, àádọ́rùn-ún lo rí, o fẹ́ kí bọ̀dá ẹ kọ́kọ́ ra mínírà fún ẹ."

Mo na fóònù sí wọn. Bọ̀dá Láyí fi ẹ̀rín gbà á. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú wọn díẹ̀díẹ̀. Kazeem tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Dára. Ọmọbìnrin ni. Ó lè kọ́ iṣẹ́ télọ̀."

Nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, Bọ̀dá Láyí bi Dára pé kí ló lọ ṣe níbẹ̀. Ó ní òun ṣe é dáadáa. "Dáadáa tìrẹ nìyí?" Àǹtí Bọ́sẹ̀ ìyàwó wọn ní bóyá àwọn tó máàkì í ló ṣàṣìṣe. Bọ̀dá Láyí ní kọ̀ǹpútà ló máàkì í, kọ̀ǹpútà kò sì mọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí Dára má wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, kó máa gba ilé lọ tààrà. Ọmọ náà kò sunkún. Ó lọ bọ́ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ká a.

Ọjọ́ Sátidé ni mo tó ṣí ojú ewé kejì èsì náà, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kà. Iye ìbéèrè: ọgọ́ta. Iye tó dáhùn: mẹ́tàlélógún. Iye tó gbà: mẹ́tàlélógún. Iye tó kùnà: òdo.

Mo gbé e lọ bá Bọ̀dá Láyí lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń fọ bàtà. Wọ́n fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ gba fóònù mi.

"Kò kùnà ẹyọ kan?"

"Kò kùnà ẹyọ kan ṣoṣo."

"Wọ́n rẹ́ ọmọ mi jẹ nìyẹn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi, Bọ̀dá Láyí àti Dára lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ṣètò ìdánwò náà ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Bọ̀dá Láyí wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin tó gbà wá lálejò kò láyọnu, ó fún wa ní àga, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ dáadáa.

"Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, sà. Ó kàn jẹ́ pé ó fi mẹ́tàdínlógójì sílẹ̀ ni."

"Kò fi í sílẹ̀. Kò tíì dé ibẹ̀ ni."

"Ọ̀kan náà ni lójú tiwa, sà. Wákàtí kan la fún gbogbo wọn. Bí ọmọ ṣe yára tó wà lára ohun tí à ń wò."

"Mà, níbi iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá ṣe mẹ́tàlélógún tí ẹyọ kan kò padà wá, ọ̀gá là ń pè é."

"Mo gbọ́ yín, sà. Ibí yìí kì í ṣe ibi iṣẹ́ yín." Ó yíjú sí Dára. "Olúwadára, ìbéèrè kẹrìnlélógún, ṣé ó le ni?"

"Rárá, mà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ń tún un wò ni àkókò fi tán."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo máa ń tún un wò?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, mà. Gbogbo wọn."

"Ta ló ní kí o máa ṣe bẹ́ẹ̀?"

Dára yíjú sí bàbá rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fẹjọ́ wọn sùn o. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó rò pé àyè wọn ló kàn láti sọ̀rọ̀, pé wọ́n máa ṣàlàyé fún obìnrin náà bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bọ̀dá Láyí ń wo ìka ọwọ́ wọn.

"Olùkọ́ rẹ̀ ni," ni wọ́n wí.

Obìnrin náà mi orí. Ó ní àwọn olùkọ́ kan máa ń ba ọmọ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó dun òun, àmọ́ ọmọ yóò ti pé ọdún méjìlá kí òmíràn tó dé, kò sì sí ohun tí òun lè ṣe sí i.

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń gbé wa padà, Bọ̀dá Láyí jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Dára sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí.

"Àǹtí Ráyọ̀, ṣé Dádì ti gbàgbé ni?"

"Wọ́n ti gbàgbé," ni mo dá a lóhùn.

Mo rò pé yóò parí síbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí Kazeem bèèrè ohun tí wọ́n bá bọ̀, Bọ̀dá Láyí tún un sọ, ó sì ti yọ̀ lẹ́nu wọn ju ti àárọ̀ lọ. Olùkọ́ rẹ̀ ló bà á jẹ́. Nígbà tó fi di alẹ́, wọ́n sọ ọ́ fún Àǹtí Bọ́sẹ̀ náà. Àǹtí Bọ́sẹ̀ kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n lọ bá Tíṣà Elizabeth níwájú kíláàsì rẹ̀, wọ́n bi í bóyá òun ni wọ́n rán sí ọmọ àwọn. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n sọ bó ṣe lọ fún èmi tí wọ́n máa ń pè ní Adúmáadán. "Adúmáadán, ó kàn ń wò mí bọ̀ọ̀. Ó mọ ohun tó ṣe."

Dára ń jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nígbà tó ní Tíṣà òun kò ní máa dúró kọ́ òun ní lẹ́sìn mọ́. Kò bínú sọ ọ́. Ó ń wo bàbá rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Bọ̀dá Láyí ní kí n sún omi sọ́dọ̀ wọn.

Mo sún un. Mo bu òkèlè tèmi.