Sílíńdà bàlúùnù inú rélùwéè

Irun ojú mi ti jó tán, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o.

Láàárọ̀ yìí, èmi àti Bọ̀dá Súlè tó ń ta bàlúùnù ládùúgbò wa jọ wọ rélùwéè ní Ìfọ̀. Ó gbé sílíńdà háídírójìn, gáàsì tó fi ń fẹ́ bàlúùnù, wọlé, ẹnu ẹ̀ ń dún ṣíì bí ejò.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà ní, "Bọ̀dá, nǹkan yín ń jò o."

"Díẹ̀ ni. Ṣebí òun làwọn òyìnbó fẹ́ máa fi wa rélùwéè?"

"Orí òrùlé ni wọ́n ń gbé e sí, tó bá jò, kó lè bá atẹ́gùn lọ. Ẹ ṣí fèrèsé!"

A ṣí i. Kò pẹ́ ni òjò tó lè wọ́ gbogbo ìrẹsì Ọ̀fàdà wá sí Ìfọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìyá eléèlùbọ́ kan figbe ta: "Ẹ pa á dé jàre! Ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ ni?"

Gbogbo wa pa á dé. Èlùbọ́ là ń rí, a ò rí gáàsì.

Bàbá kan ṣáná sí sìgá.

Mi ò tiẹ̀ rí iná. Ó kàn dún gbòà, bíi pé ọ̀run já, ooru sì gbá mi lójú. Àwa tá a jókòó, irun nìkan ló jó. Bọ̀dá Súlè wà lórí ìdúró, orí ẹ̀ wà lókè lábẹ́ òrùlé níbi tí gáàsì kó jọ sí. Wọ́n ti gbé e lọ sọ́síbítù, kò tíì lè la ojú méjèèjì.

Èlùbọ́ ìyá yẹn gbẹ táútáú. Ìyá náà ń sunkún.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi: nínú òjò yẹn, ta nínú yín ni ì bá ṣí fèrèsé?